Bí Àgbà Ọkùnrin Ṣe Lè Dá Se Àbùlà Jẹ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ọkùnrin ni mò ń bá wí, ẹ̀yin tí ẹ ti sin ìjọba dé ojú ìfẹ̀yìntì tí ẹ kò sì tíì mọ ibi tí wọ́n ń gbé iyọ̀ sí nínú ilé ara yín. Tíṣà ni mí ní Ọ̀ṣogbo níbí, ìṣirò ni mo sì kọ́ àwọn ọmọ jù. Ìyàwó mi wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ọmọ wa obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ń wẹ ọmọ, ó ń tọ́jú ìyá ọmọ, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ìgbà tó máa dé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé ọ̀pọ̀ nínú yín. Obìnrin á lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ, ọkùnrin á wà nílé, á máa ra oúnjẹ jẹ ní búkà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì kò gbé e. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbé e pẹ̀lú, torí olóúnjẹ kò ní í bi yín bóyá dókítà ti ní kí ẹ dín iyọ̀ kù.

Àbùlà ni mo fẹ́ kọ́ yín: àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú. Ẹlòmíràn á ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyin díndín tàbí Indomie. Rárá o. Ẹni tó bá lè se àbùlà, kò sí ohun tó máa dẹ́rù bà á mọ́ nínú ilé ìdáná. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbẹ̀gìrì kò béèrè eyín. Ẹ̀wà ni, púrótéènì sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti lọ tán á gbé e mì wẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí a kò fi mọ̀ ọ́n sè. Nígbà tí wọ́n mú mi lọ síléèwé, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955 kò tíì pẹ́ rárá. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí n fi kan etí òsì. Ó kàn án, wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú ẹ̀kọ́ wa nígbà náà. Àwa ọkùnrin ń hun agbọ̀n, à ń ṣe ìgbálẹ̀, à ń ro oko iléèwé. Àwọn ọmọbìnrin ń kọ́ ìdáná àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni ọkùnrin ti mọ bí a ti ń gbin ẹ̀wà, bí a ti ń ká a, bí a ti ń kó o sápò, tí ìmọ̀ rẹ̀ sì parí sẹ́nu àpò yẹn. Ìyókù, ìyá wa àti ìyàwó wa ló ń bá wa mọ̀ ọ́n. Ètò yẹn dára fún ọkùnrin tó máa kú léwe. Ẹni tí Ọlọ́run bá fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí, kò tó o.

Ẹ lọ sọ́jà fúnra yín

Ọjà Ọba ni mo máa ń lọ, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ọjà Ìgbọ̀nà náà dára. Ẹ mú awò ojú yín dání, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà sínú ìwé, torí ọkàn ẹni máa ń gbàgbé nǹkan lọ́jà. Fún èèyàn mẹ́rin, tàbí ẹyọ ẹnì kan tó fẹ́ jẹ ẹ́ kọjá ẹ̀ẹ̀kan, ẹ ra ẹ̀wà agolo mílíìkì méjì, èlùbọ́, ewédú, irú, ata gígún, alùbọ́sà, epo pupa díẹ̀ àti ẹja gbígbẹ.

Ẹ̀wà funfun tàbí olóyin, èyíkéyìí ló dára, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè bóyá ti ọdún yìí ni. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àpò máa ń jẹ gáàsì: wákàtí kan á kọjá, á ṣì le gbagidi. Ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń ta sí imú bíi oògùn kòkòrò, ẹ dá a padà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń da oògùn tí kì í ṣe ti oúnjẹ sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, fífọ̀ kò sì lè kó gbogbo rẹ̀ kúrò.

Èlùbọ́ ni iṣu tí wọ́n bọ̀ díẹ̀, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n wá lọ̀. Èyí tó ń wá láti Ṣakí àti agbègbè Òkè-Ògùn lókìkí, gbogbo ẹni tó ń tà á ló sì máa ní ti Ṣakí ni tòun. Ẹ má jiyàn. Ẹ kàn fi ìka méjì ra á wò. Kó kúnná, kó gbẹ, kó má ṣe ní òórùn èébu. Kó má sì funfun jù, torí wọ́n lè ti po láfún mọ́ ọn, ẹ ó sì ro ó tán kó tó yé yín.

Ewédú tó bá ti ń yọ òdòdó ti gbó. Ewé kéékèèké tó rọ̀ ni kí ẹ mú. Irú pẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ rà, irú wóró jẹ́ ti ẹ̀fọ́. Ní ti ẹja, àrọ̀ gbígbẹ ni mo ń rà ní tèmi, èyí tí wọ́n sìn nínú ọ̀gọ̀dọ̀. Bí àlejò bá wà nínú ẹ̀yin tó ń kà á, kó má lọ béèrè ẹja odò Ọ̀ṣun tó wà nínú igbó òrìṣà o. A kì í pa á.

Àwọn ìyá ọjà á rín yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín. Èyí tó ń ta ewédú fún mi, mo kọ́ ọmọ rẹ̀ ní kíláàsì, síbẹ̀ ó pè mí ní "Tíṣà alásè" títí gbogbo ìsọ̀ fi gbọ́. Ní báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣa ewé tó rọ̀ pa mọ́ dè mí.

Ẹ pín iṣẹ́ náà sí ọjọ́ méjì

Bí ọmọ ogún ọdún bá ní òun fẹ́ se àbùlà láàárín òwúrọ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e. Orúnkún tiwa kò gbé e. Ọjọ́ tí ẹ bá ti ọjà dé, ẹ ṣa ẹ̀wà nìkan kí ẹ sì bó o. Níta ni kí ẹ ti ṣà á, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, lórí àtẹ, torí òkúta kékeré kan tó fún eyín tó kù. Iná mànàmáná kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé fún irú iṣẹ́ yẹn.

Bí a ṣe ń bó o nìyí. Ẹ da omi lé e lórí, ẹ fi í sílẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 10 sí 15, títí èèpo rẹ̀ á fi wú tí á sì hunjọ. Ẹ kó ọwọ́ méjèèjì bọ inú omi náà, kí ẹ máa ra á. Èèpo á fò sókè, ẹ máa da omi náà gba inú ajere, kí ẹ tún bu omi tuntun sí i, títí ẹ̀wà á fi funfun. Bí oríkèé ìka bá ń dùn yín, ẹ kó ẹ̀wà àti omi sínú bùlẹ́ńdà, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tètè fi í sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré. Ẹ kò lọ̀ ọ́, ẹ kàn ń jẹ́ kó bó ni. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú fíríìjì pẹ̀lú omi díẹ̀. Bí kò bá sí iná, ẹ má bó o mọ́jú, torí á kan. Ẹ bó o láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ sè é.

Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin ló máa ń bá mi bó o nígbà tí iléèwé bá ti ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ń wò mí tìyanu-tìyanu, pé ṣé ọmọ wá sọ́dọ̀ Bàbá Àgbà wá bó ẹ̀wà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àti ìṣirò. Ọmọ náà ń lọ síléèwé aládàáni tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ gbogbo nǹkan láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ó lè ka ìdá kan nínú mẹ́rin lójú ìwé, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í pé èwo ló pọ̀ jù, ìdá kan nínú mẹ́ta ni tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin, á ní ti mẹ́rin, torí mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Mo ní kó wọn ẹ̀wà agolo kan sórí àtẹ, kó pín in sí òkìtì mẹ́ta tó dọ́gba. Ó pín in. Mo ní kó kó o jọ, kó tún pín in sí mẹ́rin. Kó tó pín in tán ló ti gbójú sókè wò mí. N kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ti ṣe tíṣà mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ni ẹnu olùkọ́ gbọ́dọ̀ dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ yìí ti pẹ́ lórí tábìlì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìyókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwa tíṣà ìgbà náà gbọ́ nípa rẹ̀, a yọ̀, a sì padà sí kíláàsì lọ máa ṣe bí a ti ń ṣe é. Kò sí ẹni tó lè dí yín lọ́wọ́ láti ṣe é nínú ilé ìdáná yín. Bí ẹ bá ní ọmọ-ọmọ nítòsí, ẹ fún un ní agolo àti ṣíbí, kí òun máa wọn nǹkan, kí ẹ̀yin máa jókòó. Ọ̀bẹ àti ìkòkò gbígbóná, ẹ má fi lé e lọ́wọ́.

Gbẹ̀gìrì

Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ti gbẹ̀gìrì kò rí bẹ́ẹ̀. Sùúrù ló ń pa òun.

Ẹ da ẹ̀wà tí ẹ bó sínú ìkòkò tó ga, kí ẹ wọn omi agolo mẹ́jọ sí i. Ìkòkò tó ga ni mo wí, torí ẹ̀wà máa ń hó kọjá ẹnu ìkòkò, á sì pa iná gáàsì láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ gé alùbọ́sà kan sí i. Ẹ má tíì fi iyọ̀ sí i. Nígbà tó bá hó, ẹ fi ṣíbí kó ìfófó orí rẹ̀ dànù, ẹ dín iná kù, ẹ dé e ku díẹ̀. Ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan ló máa gbà. Àwọn kan máa ń fi káún sí i kó lè tètè jinná. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fi káún sílẹ̀. Sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ tí wọ́n ní kí ẹ dín kù náà ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ má dúró ti iná. Ẹ gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ibi tí ẹ ti lè rí ìkòkò, kí ẹ sì fi fóònù ṣe agogo, ìṣẹ́jú 15, ìṣẹ́jú 15. Àgbà tó bá lọ jókòó ní pálọ̀ láti gbọ́ ìròyìn, òórùn jíjó ló máa pè é padà, àwa mìíràn kì í sì í tètè gbóòórùn mọ́. Mo ti lo ayé mi lábẹ́ agogo iléèwé, n kò ní í tìtorí ìfẹ̀yìntì kọ agogo sílẹ̀ nígbà tí iná wà níbẹ̀. Bí agogo bá dún, ẹ dìde, ẹ rò ó dé ìdí, ẹ wo omi rẹ̀. Bó bá ti ń fẹ́ gbẹ, omi gbígbóná ni kí ẹ fi kún un, ẹ má fi tútù sí i.

Ó jinná nígbà tí ẹ bá mú ẹyọ kan sáàárín ìka méjì tí kò ku nǹkan kan. Ẹ wá fi ìjábẹ̀ jà á nínú ìkòkò títí á fi kúnná. Ìjábẹ̀ tuntun, ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná kí ẹ tó lò ó. Èjìká tó ń dun èèyàn kò ní í gba ìjábẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà ẹ lè fi asẹ́ sẹ́ ẹ tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́ nínú bùlẹ́ńdà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa kí ẹ tó dà á sínú bùlẹ́ńdà. Ẹ̀wà gbígbóná máa ń ti ọmọrí rẹ̀ dànù, ojú ẹni ló sì máa ń bá. Ìyàwó mi ní gbẹ̀gìrì bùlẹ́ńdà kì í ṣe gbẹ̀gìrì. Tó bá dé láti Ìbàdàn, kó wá fi ìjábẹ̀ jà á.

Ẹ dá a padà sórí iná kékeré. Ẹ fi epo pupa ṣíbí ìjẹun méjì sí i, irú pẹ̀tẹ̀ ṣíbí kan, ata gígún bí ikùn yín bá ti gbà á sí, àti ẹja tí ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀. Egungun ẹja, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò kó tó wọ inú ọbẹ̀. Ojú wa kò lè rí i mọ́ nínú gbẹ̀gìrì. Ó kan iyọ̀. Ẹ fi ṣíbí kékeré wọ̀n ọ́n, ìdajì ṣíbí fún gbogbo ìkòkò yìí, ó parí. Ẹ má fi ahọ́n wọ̀n ọ́n. Ahọ́n àgbà kì í tètè mọ iyọ̀ mọ́, á sì máa ní kí ẹ fi kún un títí ọbẹ̀ á fi di ti òkun. Bí ẹ bá fẹ́ fi magí sí i, ẹ yọ nínú iyọ̀, torí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú magí. Irú á bá yín ṣe ìyókù adùn rẹ̀.

Ìṣẹ́jú 10 lórí iná kékeré, kí ẹ máa rò ó, torí ìdí rẹ̀ máa ń jó. Kó máa ṣàn láti ojú ṣíbí ni kí ẹ ti sọ̀ ọ́. Bó bá tutù, á tún ki sí i.

Ewédú kò ní wàhálà. Ẹ já ewé rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ẹ gbé omi agolo méjì kaná, ẹ da ewé sí i nígbà tó bá hó, ẹ má dé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ rẹ̀ á ṣú. Ìṣẹ́jú 5 sí 7, ẹ fi ìjábẹ̀ jà á, irú díẹ̀, iyọ̀ ìwọ̀nba, ó tán. Ewédú tó rọ̀ kò nílò káún.

Àmàlà

Níbi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ń sá nìyí, nítorí kókó. Ẹ sẹ́ èlùbọ́ agolo méjì kí kókó kúrò nínú rẹ̀ kó tó dé ìkòkò. Ẹ gbé omi agolo mẹ́rin kaná nínú ìkòkò olọ́wọ́ gígùn. Nígbà tó bá ń hó yaya, ẹ bu agolo kan jáde sápá kan. Ẹ dín iná kù pátápátá, ẹ da gbogbo èlùbọ́ sáàárín ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú kan láìfọwọ́ kàn án.

Ẹ pa iná, ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀. Àwọn ìyá wa máa ń fi àkísà àti àtẹ́lẹsẹ̀ di ìkòkò mú nílẹ̀, wọ́n á wá rò ó lórí àpótí. Èmi kò lè bẹ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo máa ń tẹ́ aṣọ tútù sórí tábìlì kúkúrú kí ìkòkò má baà yọ̀, mo á jókòó, ọwọ́ òsì á di ọwọ́ ìkòkò mú, ọ̀tún á mú ọmọrógùn. Láti àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fẹ̀ ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá ti para pọ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò, kí ẹ máa yí i. Bí ọwọ́ bá ro yín, ẹ dúró, ẹ mí. Àmàlà kò ní í sá lọ.

Ẹ wá fi ìka tẹ ojú rẹ̀ ní ibi mẹ́ta mẹ́rin, ẹ ta omi gbígbóná tí ẹ bù sápá kan yẹn sí i, ìwọ̀n tí ẹ bá rí i pé ó tó, ẹ dé e, ẹ dá a padà sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó sè. Àmàlà tí kò sè máa ń wúwo nínú ikùn, á sì máa lẹ̀ mọ́ eyín. Ẹ tún rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó dán.

Ní ti bí ó ṣe yẹ kó pọ̀ tó nínú àwo, mo mọ̀ pé ẹ ó bá mi jà. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹyọ òkìtì kan tó tó ìkúùkù yín, kí ọbẹ̀ àti ẹja pọ̀ jù ú lọ. Ẹ jẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ife omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, bí òùngbẹ kò bá tilẹ̀ gbẹ yín, torí ara àgbà kì í tètè sọ fún un pé omi ti dín.

Bí ọbẹ̀ bá kù, ẹ má fi ṣíbí tí ẹ ti fi sẹ́nu bọ inú ìkòkò. Ẹ pín gbẹ̀gìrì sí abọ́ kéékèèké nígbà tó bá tutù, ẹ kó o sí fíríìsà. Ewédú, ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Bí iná kò bá sí, ẹ hó gbẹ̀gìrì lálẹ́, ẹ tún hó o láàárọ̀, ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀ kó tutù kí ẹ tó dé e. Ó dára pẹ̀lú ẹ̀kọ lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá jí tó ń yọ ìfófó tó sì ń rùn kíkan, ẹ dà á nù, iye yòówù kí ẹ ti ra ẹja inú rẹ̀.